Tó o bá fara pa níbi iṣẹ́ l'Abẹ́òkúta, àwọn nǹkan tí kò yẹ kó o ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Ẹ̀rọ á gé ìka èèyàn nílé búrẹ́dì, òkúta á já lu ẹlòmíì lẹ́sẹ̀ ní kúárì, ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ sọ ni "má mikàn, mo wà lẹ́yìn ẹ", wọ́n á fún un lówó oògùn ọjọ́ mélòó kan, tó bá yá wọn ò ní gbé fóònù ẹ̀ mọ́.

Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan o. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní láàárín ọjọ́ 14 ni kó o ti fi tó ọ̀gá ẹ létí pé o fara pa, ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 péré láti sọ fún NSITF, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ẹ, ọjọ́ àti àsìkò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á. Tọ́wọ́ ẹ ò bá ṣeé kọ̀wé, jẹ́ kí ọmọ ẹ bá ẹ kọ ọ́, ya fótò ẹ̀ kó o tó fún wọn, kó o tún fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ọjọ́ lè wà lára ẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti irọ́ ọsibítù. Sùpáfáísọ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ lọ́nà pé "ṣáà sọ pé ilé lo ti ṣubú o", ìwọ náà á ní kí n má ba iṣẹ́ mi jẹ́, o sì sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, ó ti wọnú fáìlì nìyẹn, ìwé yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé jáde lọ́jọ́ tó o bá béèrè ẹ̀tọ́ ẹ. Sọ òótọ́. Àwọn tó ń to eegun ládùúgbò wa mọṣẹ́ wọn, mi ò bá wọn jà, àmọ́ kọ́kọ́ lọ ọsibítù kí dókítà kọ ohun tó ṣe ẹ́ sílẹ̀.

Wọ́n tún lè gbé ìwé kan wá pẹ̀lú owó díẹ̀, pé kó o sáìnì pé o ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Má sáìnì ẹ̀! Òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá ṣàdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun.

Ẹ má sọ pé "casual lásán ni mí" náà. Òfin yìí ka casual, ọmọ iṣẹ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, mọ́ òṣìṣẹ́. Kódà tí ọ̀kadà bá gbé ẹ ṣubú ní Láfẹ́nwá nígbà tó ò ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́, ó wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá ló ń san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó ẹ. Ẹni tí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù ẹ̀ ni wọ́n máa ń san fún un lóṣooṣù, ẹ wo irú owó tí àwọn èèyàn ń fi sílẹ̀ nítorí owó oògùn!

Ọdún 1 ni wọ́n fún ẹ láti fi fọ́ọ̀mù tó o fi ń béèrè owó náà sílẹ̀. Tí ọ̀gá bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la fún ẹ, gba ọ́fíìsì NSITF lọ fúnra ẹ, kó ìwé dókítà, rísíìtì oògùn àti ẹ̀dà lẹ́tà ẹ dání.