Bí a ṣe lè ran ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún lọ́wọ́

Ọmọ tó lè pa àlọ́ délẹ̀ láìfo ibì kankan, àmọ́ tí òógùn ń bò ó bí ẹ bá ti ṣí ìwé síwájú rẹ̀, kì í ṣe olódo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ dyslexia: ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró tó ni ín. Ó máa ń wà nínú ẹbí, bóyá bàbá rẹ̀ náà ti jẹgba nítorí rẹ̀ rí.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré ló ń fi b pe d. Bí ó bá ti lé ní ọmọ ọdún 7 tí kò tíì yé e, tí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà lókè ewé tún ṣàjèjì sí i nísàlẹ̀, ẹ fura.

Èkejì, ẹ mú un lọ yẹ ojú àti etí wò ná.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí a kọ ni a ń pè. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo though àti cough. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní bàjẹ́: àwọn ọmọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù: bà-tà, ì-gbá-lẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb, ẹ má pín in. Kó fi ìka kọ lẹ́tà náà sínú iyanrìn, kó máa pè é bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má kọ́ ọ ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà. Bí àmì ohùn bá ń dà á láàmú, ẹ kọ ọ́ lórin: ọkọ, re-re, ọkọ̀, re-dò, ọkọ́, re-mí. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ dára ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má pè é kàwé sókè lójijì níwájú kíláàsì, kó fi àkókò kún tirẹ̀ nígbà ìdánwò, kó sì jẹ́ kó máa fẹnu dáhùn nígbà míì.

Lálẹ́, ẹ máa ka ìwé sí i létí, pàápàá èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí ó bá béèrè pé kí ẹ tún un kà, ẹ tún un kà.