Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra muscle car àtijọ́, irin ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ má wo ọ̀dà

Àwọn ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí ni èyí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí 1964 sí 1972, Pontiac GTO, Chevelle SS (Super Sport, oríṣi tó lágbára jù), Camaro, Mustang, Charger, Road Runner, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì V8 (onísìlíńdà mẹ́jọ) bàǹtàbanta bọ̀ nínú, tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́ ọn báyìí ẹ̀yìn yín á lẹ̀ mọ́ àga. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni. Àwọn èèyàn wa mélòó kan níbí ní Houston sì ti ń pè mí pé bùrọ̀dá, mo rí Camaro kan lórí Facebook, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ lè máa mú un dání.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú mi ṣe là. Mustang 1967 ni mo kọ́kọ́ rà, pupa fòò, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú ẹ̀, mo yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣíná ẹ̀, ó bú ramúramù, mo sanwó. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí mo ti ń wakọ̀ lọ ni mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ mi ń tutù, mo wolẹ̀, omi ti kún inú bàtà mi. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì, páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti jẹra, wọ́n fi bọ́dì fílà, ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n wá kun ọ̀dà dúdú lé e lórí. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó tí mo fi rà á lọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì V8 ò ṣòro tún ṣe, spare parts ẹ̀ wà káàkiri, ó sì máa ń ní iye tó máa ná èèyàn, ṣùgbọ́n irin tó bá ti jẹra ò lópin, bẹ́ ẹ ṣe ń gé e lẹ́ ẹ ó máa rí òmíì lábẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó ya fọ́tò nọ́ḿbà ṣásí àti title (ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ín) ọkọ̀ yẹn ránṣẹ́, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣíná ọkọ̀ títí ẹ ó fi dé. Ohun tẹ́ ẹ máa mú dání ò pọ̀: tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, òòfà kékeré bí irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, aṣọ pẹlẹbẹ kan, gálọ́ọ̀nù omi kan, aṣọ tẹ́ ẹ lè fi dùbúlẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání tí ọkàn ẹ̀ ò fà sí ọkọ̀ yẹn rárá, kó lè bá yín dá owó yín dúró. Ọ̀sán gangan ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má lọ lẹ́yìn òjò, torí ara tó bá tutù máa ń jẹ́ kí ọ̀dà burúkú dà bí ọ̀dà dáadáa.

Nọ́ḿbà lẹ ó kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn wọ̀ yín lójú. Kó tó di 1981 kò sí pé nọ́ḿbà ṣásí gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú, torí náà tí wọ́n bá ní Mustang 1967 ni, tí ẹ sì rí 7R02S níbẹ̀rẹ̀, 7 yẹn ni ọdún, R ni San Jose tí wọ́n ti tò ó, 02 ni fastback (èyí tí òrùlé ẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn), S sì ni ẹ́ńjìnnì V8 tí wọ́n ń pè ní 390. Tó bá jẹ́ T ló wà níbi tí S wà, sìlíńdà mẹ́fà ló ní nígbà tó jáde. Camaro 1969 tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 12437, V8 ni, 12337, sìlíńdà mẹ́fà ni, nọ́ḿbà yẹn ò sì ní sọ fún yín bóyá SS ni o, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 12337 lára ọkọ̀ tí wọ́n lẹ àmì SS mọ́ níwájú lẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Charger náà, XS29 ni R/T, ìyẹn oríṣi tó lágbára, XP29 ni ti gbogbo ayé, lẹ́tà karùn-ún ló sì máa sọ ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ḿbà yẹn sí fúnra ẹ̀. Láti bíi 1968 ó máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ lè kà á láti ìta gíláàsì iwájú. Ṣé ó dà bíi pé wọ́n ti tú u rí? Ṣé ó bá ti inú title mu lẹ́tà kan sí òmíì? Tí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lèyí. Tó bá jẹ́ Chevrolet, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ wo iwájú ẹ́ńjìnnì ní apá ibi tí èrò ń jókòó sí, ibi pẹrẹsẹ kékeré kan wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ apá kan nọ́ḿbà ṣásí sí. Irin ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlà tínínrín tínínrín bíi pé wọ́n fi kóòmù yà á, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń dán kọ̀rọ́, tí àwọn nọ́ḿbà ẹ̀ wọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n tún òmíì tẹ̀ nìyẹn. Fún Ford láti 1967 síwájú, ẹ lè sanwó gba Marti Report, á sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe jáde ní fakitirì, ọ̀dà ẹ̀, gíà ẹ̀, gbogbo ẹ̀. Pontiac náà ní tiẹ̀, PHS (Pontiac Historic Services). Ti Dodge àti Plymouth, ìwé fakitirì máa ń wà nínú ìrọ̀rí àga nígbà míì, lára sípíríìnì, mo ti rí i rí tí eku ti jẹ ìdajì ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ tí wọ́n wá lẹ àmì SS mọ́ lẹ́yìn tó ti jáde ní fakitirì ò dáa o, èmi gan-an ti gun àwọn kan tó dùn-ún wà. Kó ṣáà ti jẹ́ owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ara ọkọ̀ ló kàn, ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù, mi ò mọ̀ bóyá ẹ lè lo wákàtí kan àbọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán yín lójú. Ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ yẹn wé òòfà kó má ha ọ̀dà, kẹ́ ẹ máa fi kan ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà, ìsàlẹ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, àti yíká gíláàsì ẹ̀yìn. Ibi tó bá ti já bọ́ tí kò lẹ̀, bọ́dì fílà ló wà níbẹ̀. Imú GTO 1968 kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín, wọn ò fi irin ṣe é láti fakitirì, òòfà ò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Òrùlé tí wọ́n fi awọ bò, ẹ fi ọwọ́ tẹ etí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń rún wómúwómú lábẹ́ awọ, omi ti jókòó síbẹ̀ fọ́dún gbọọrọ.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè díẹ̀. Bàbá mi tó ní Peugeot 504 n'Íbàdàn kì í ra ọkọ̀ láìṣe èyí. Tó bá ń gbọ̀n sókè sódò, bóyá íńjìsì ẹ̀ ti jẹ, bóyá irin tó gbé e dúró gan-an ló ti jẹra, èkejì yìí ló burú.

Mustang ní ti Mustang, ibi tó ní ihò gbọọrọ gbọọrọ nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà, ibẹ̀ lẹ ó ti da omi gálọ́ọ̀nù yẹn sí díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì yín sì dorí kodò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi yẹn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ jáde sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tó bá kán sórí kápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ṣe mí ló fẹ́ ṣe yín yẹn, láti tún un ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ tú iwájú ọkọ̀ palẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ ọkọ̀. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ sanwó fún ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò yẹn kí wọ́n gbé e sókè, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Chevelle ní ṣásí tó dá dúró, ẹ wo ibi tí ṣásí yẹn ti gba orí ásùlù ẹ̀yìn kọjá. Camaro, ẹ wo ibi tí irin iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti irin gígùn méjèèjì tó wà lẹ́yìn. Charger, ẹ wo ibi tí sípíríìnì ẹ̀yìn ti kanlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé abẹ́ ọkọ̀ tẹ́ ẹ wá rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kíki bíi ọ̀dà títì bo gbogbo ẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè láti fi síkírúdíráfà gún un. Ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ti lo ayé ẹ̀ pẹ̀lú, torí ní Michigan àti Ohio, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin. Èyí tó dàgbà ní Arizona, oòrùn á ti jẹ àga àti dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣùgbọ́n irin ẹ̀ á ṣì le.

Ẹ́ńjìnnì ò ní gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì, tó bá gbóná, wọ́n ti ṣíná ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, ẹ dúró kó tutù. Ẹ fa sítíìkì ọ́ìlì jáde, tó bá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú ọ́ìlì, àfàìmọ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ò ti jó. Kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n ṣíná ẹ̀. Èéfín tó dà bí aró tó bá jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ, fáàfù ló ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀, kò burú jù. Tí kò bá lọ, tó tún ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹná, ríìngì ti jẹ. Nígbà tó bá ti gbóná, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ní agbára tó nǹkan bí 10 psi (òǹkà tí gééjì ọ́ìlì máa ń fi hàn) fún 1,000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) kọ̀ọ̀kan. Bí ọ́ìlì bá ń kán tó tó ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ná owó wọn wálẹ̀.

Ẹ wà á fúnra yín. Ẹ tẹ bíréèkì lórí títì tó dá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń fà sápá kan. Kó tó di 1967, ojú kan ṣoṣo ni ọ́ìlì bíréèkì ọ̀pọ̀ wọn ń gbà lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ibì kan bá ti jò báyìí, kò sí bíréèkì mọ́, torí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ gíà automatic, ẹ fa sítíìkì ọ́ìlì gíà, ẹ gbóòórùn ẹ̀, tó bá ń rùn bí ohun tó jó, gíà yẹn ti ń lọ. Ẹ tan gbogbo iná. Ẹ wo wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó bá jẹ́ téèpù dúdú ló wé gbogbo ẹ̀ bí àkísà, rewire, ìyẹn títún gbogbo wáyà ẹ̀ fà, ló máa kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ yín.

Táyà tó bá ṣì ní eyín lè ti kú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní 2016. Tó bá jẹ́ nọ́ḿbà mẹ́ta péré, táyà yẹn ti wà ṣáájú 2000, kò gbọdọ̀ rí ojú ọ̀nà Interstate (títì márosẹ̀ Amẹ́ríkà) láé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má wà á délé lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kó máa ta yín lọ́rùn tó. Ẹ gbé e sórí tírélà, ẹ pe àwọn oníǹṣọ́ránsì kí wọ́n kọ iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí sínú ìwé kí ọkọ̀ tó kúrò ní ọgbà ẹni tó tà á, tó bá délé kẹ́ ẹ fa epo àtijọ́ inú tánkì dànù, kẹ́ ẹ pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti họ́ọ̀sì bíréèkì, kẹ́ ẹ wá ṣíná ẹ̀.