HC-SR04 tó ń ṣi omi táńkì wọ̀n: bí mo ṣe tún un ṣe
Lórí táńkì omi kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìnnà sí i, á sọ pé 84 cm, kò ní pẹ́ á ní 210. Ẹsẹ̀ Echo rẹ̀, ìyẹn èyí tó fi ń dá èsì padà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. 5V ló ń tú jáde, bẹ́ẹ̀ 3.3V péré ni GPIO (àwọn ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́) lára Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka èsì náà, lè gbà; ó lè jó o! Mo fi rẹ̀sítọ̀ 1 kΩ sáàárín Echo àti GPIO 24, mo wá fa 2 kΩ láti GPIO náà lọ sí GND (ẹsẹ̀ 0V), kí 5V yẹn lè wálẹ̀ sí bíi 3.3V.

Mo tún ń jẹ́ kó sinmi fún 60 ms kó tó wọn òmíràn, kí ìró àkọ́kọ́ má bàa da ìkejì rú. Tó bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo máa ń tò wọ́n, mo sì ń mú ti àárín.

Oòrùn náà ń dá sí i o. Ní 35°C, ìró ń sáré tó 352 m/s, kì í ṣe 343. Tẹ́ ẹ bá fi 343 ṣírò, 100 cm á di 97. Ẹ fi 331.3 + 0.606 × ìwọ̀n ooru ṣírò eré rẹ̀.