Ẹ ka ẹ̀yìn páálí kẹ́ ẹ tó ra ṣokoléètì

Kéèkì ni mò ń ṣe ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Kí n tó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ kan ṣokoléètì, màá kọ́kọ́ gbé páálí rẹ̀ lé e lọ́wọ́, màá ní kó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè fún mi.

Òróró kòkó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá níbẹ̀. Òróró yìí máa ń dì bí òrí, ó sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 34°C. Ẹnu wa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni ojúlówó ṣokoléètì fi ń yọ́ lórí ahọ́n láìjẹ ẹ́. Èyí tó dúdú ní òróró kòkó, kòkó fúnra rẹ̀ àti ṣúgà. Tẹ́ ẹ bá rí 70% lára rẹ̀, gbogbo ohun tó ti ara kòkó wá ni wọ́n kà pọ̀, òróró náà wà níbẹ̀. Ẹ fi mílíìkì kún un, ó di aláwọ̀ ilẹ̀. Funfun ní òróró kòkó, mílíìkì àti ṣúgà, àmọ́ kòkó dúdú kò sí níbẹ̀ rárá.

Èyí tí wọ́n ń pè ní compound, òróró èkùrọ́ tàbí irú òróró mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò ti kòkó. Ẹ fi ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan sẹ́nu, ẹ má jẹ ẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí àbẹ́là, òun nìyẹn. Mo máa ń lò ó lóṣù kẹta nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún oníbàárà.

Lẹ́búlẹ́bú kòkó ló kó ìyà jẹ mí jù. Lóko bàbá mi àgbà lápá Oǹdó, wọ́n máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró kòkó fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a. Tẹ́ ẹ bá ṣí ewé náà, òórùn rẹ̀ á gba imú bí ẹmu tó ti kan. Kíkan yẹn kì í tán lára kòkó, òun ló ń bá sódà tí a fi ń ṣe kéèkì (baking soda) jà tí kéèkì fi ń wú. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi èròjà tó jọ kán-ún pa kíkan náà, ọ̀nà tí ìdílé van Houten ní Netherlands fi lórúkọ. Kòkó á wá dúdú, á sì rọ̀ lẹ́nu. Irú rẹ̀ ni mo rà láìmọ̀, mo fi sódà nìkan sí i. Kéèkì ìgbéyàwó ni. Ó pẹlẹbẹ, ó ń ta lẹ́nu bí ọṣẹ, mo sì da odidi agbada mẹ́ta nù lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, mo máa ń kọ́kọ́ dán kòkó wò: ṣíbí kòkó kan, omi gbígbóná díẹ̀, sódà fínńfín. Bó bá hó yàà, ẹ lo sódà. Bí kò bá hó, békìn páúdà, tó ní kíkan tirẹ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ lò.

Bí funfun bá bo ojú ṣokoléètì yín lẹ́yìn ooru, kì í ṣe èébu. Òróró rẹ̀ ló yọ́ tó tún dì. Ẹ má jù ú nù, ẹ yọ́ ọ sínú kéèkì.