Bí mo ṣe dá dúdú ara ike Honda CR-V padà

Nọ́ńbà iwájú ni mo kọ́kọ́ tú. Síkúrù méjì ló dè é. Ibi tó bò lára bọ́ńpà, oòrùn ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe bọ́ńpà náà ṣì wà: dúdú tó ní eérú díẹ̀ nínú, kì í ṣe dúdú kirikiri bí ìdí ìṣaasùn. Ìyókù ti funfun bí ojúgun ọmọ tí kò fi òróró para lásìkò ọyẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ tiyín kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lé dúdú tí ọkọ̀ wọn ò fìgbà kankan ní.

Honda CR-V ọdún 1999 ni, irú èyí tí bọ́ńpà méjèèjì àti ike tó yí ojú táyà ká kò ní ọ̀dà lára. Ìta gbangba ló ń sùn n'Íbàdàn.

Lẹ́nu wa, rọ́bà ni gbogbo rẹ̀: bọ́ńpà, ojú táyà, ohun rírọ̀ tó wà létí ilẹ̀kùn. Orúkọ kan yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí ohun tó dáa fún ọ̀kan ń pa èkejì. Èyí tó le ni màá máa pè ní ike níbí, èyí tó rọ̀ ni màá máa pè ní rọ́bà. Polypropylene ni ike bọ́ńpà, wọ́n sì máa ń po rọ́bà díẹ̀ mọ́ ọn kó má bàa tètè fọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ bọ́ńpà, ẹ máa rí PP+EPDM tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: PP ni polypropylene, EPDM ni rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ ọn. Dúdú rẹ̀ ò wà lókè bí ọ̀dà, àárín ike fúnra rẹ̀ ló wà látòkè délẹ̀. Ìtànṣán UV inú oòrùn ló ń já ìsopọ̀ ike náà lójú òkè, tí ojú òkè yẹn á fi di ìyẹ̀fun. Funfun tí à ń rí yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe pé dúdú ti tán. Awọ òkú ni. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi pa á láìkọ́kọ́ bó awọ òkú náà kúrò, orí òkú ló jókòó lé, òjò kan péré ló máa kó méjèèjì lọ.

Mo da omi sí i. Ó dúdú lójú ẹsẹ̀, ó tún funfun bó ṣe ń gbẹ. Ìyẹn dáa, ike náà ṣì wà láàyè. Èyí tí omi ò lè mú dúdú mọ́, tàbí tó ti sán wínníwínní bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, ẹ má nawó oògùn tó ń dá dúdú padà lé e lórí. Ẹ lọ wá tòkunbọ̀ ní ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì n'Íbàdàn, tàbí kẹ́ ẹ kùn ún. Tó bá jẹ́ kíkùn ni, ẹ bi akunmọ́tò bóyá ó ní adhesion promoter, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fọ́n sára ike kí ọ̀dà lè dì í mú. Polypropylene kì í gba ọ̀dà lásán. Láàárín oṣù díẹ̀, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Fífọ̀ gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Kíkùn oògùn, láìka àkókò tí mo fi dúró kó gbẹ, ò tó wákàtí kan. Tí tiyín bá yàtọ̀ sí èyí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má tíì fọ̀ ọ́ tó.

Ṣíbí ìjẹun méjì ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, nínú lítà 5 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ tí irun rẹ̀ rọ̀ fún ibi gbalasa, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fún kọ̀rọ̀. Ara bọ́ńpà yìí ò dán, ó rí hóróhóró bí èèpo ọsàn, inú àwọn ihò tíntìntín yẹn ni gbogbo ẹ̀ há sí: ohun dídán tí wọ́n ń fi pa táyà, pólíìṣì funfun, àti dísù tí àwọn afọkọ̀ máa ń fi àkísà pa sí i kó lè dán títí oníbàárà á fi sanwó. Ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì náà, ẹ gbé e lọ sókè, ẹ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, ìfófòó tó jáde rí bí omi èlùbọ́. Ní ìkejì, ó rí bí omi ìrẹsì. Ìkẹta ló funfun. Apá kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ máa fọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣàn án kí ọṣẹ tó gbẹ sí i lára.

Níbi tí pólíìṣì ti há, ọṣẹ ò ràn án. Spirit tí kẹ́mísìtì ń tà ni mo fi rẹ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo ń fi rin ín, mo sì ń fi àkísà gbé e kúrò kó tó gbẹ. Ọgọ́rùn-ún mílílítà tó gbogbo ọkọ̀. Ẹ má fi tínà ṣe é o. Ibi tó bá ta sí lára ọ̀dà, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Àmì pé ó mọ́: ẹ wọ́n omi sí i. Tí omi bá ṣù jọ, tó ń yí bí omi orí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi àkísà funfun nù ún. Tí àkísà bá gbé ìyẹ̀fun, ẹ padà sídìí korobá.

Omi tó sá pamọ́ sí ojú ìsopọ̀ ni ọ̀tá tó kàn. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà pé kó bá mi fẹ́ gbogbo ojú ìsopọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ sára aṣọ funfun: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn máa ń tu omi àti ọ́ìlì pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, ọ́ìlì yẹn á sì ba gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó sun mọ́jú lábẹ́ òrùlé.

Ní ti heat gun, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná jáde, tí wọ́n máa ń pariwo pé ó ń dá dúdú padà láìlo oògùn kankan: òótọ́ ni. Mo fi ike ojú táyà ẹ̀yìn lápá òsì dán an wò, òun nìkan. Mo tẹ̀ ẹ́ sí nǹkan bí 300°C, mo di ẹnu rẹ̀ mú ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ike, mi ò sì jẹ́ kó dúró lójú kan. Ẹ máa rí i tí funfun ń sá lọ níwájú ooru, tí dúdú ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ ibi tí mo ti yíjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, hóróhóró ibẹ̀ yọ́, ó wá ń dán, ìwọ̀n ìdérí ìgò kóòkì. Kò sí ohun tó lè dá ìyẹn padà. Ẹ gbé e jìnnà sí ọ̀dà, sí gíláàsì iná àti sí táyà. Iná tó ń jẹ sì tún wà: tèmi jẹ́ 2,000 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ò lè gbé e.

Gbogbo ìyókù, oògùn ni mo lò. Solution Finish ni, èyí tó ní àwọ̀ dúdú nínú. Cerakote náà wà, aṣọ pélébé tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn; kò ní àwọ̀, ṣe ló ń gbẹ tó sì ń le sójú ike. Èyíkéyìí tí ìgò rẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ fọ́n ọn kẹ́ ẹ sì máa lọ, láìnu àṣẹ́kù, mi ò ní ra á; ọ̀rá lásán ni.

Aago méje àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Tí oòrùn bá ti gbóná ara ike, oògùn á gbẹ kó tó tàn, ojú ibi tọ́wọ́ ti pàdé á sì hàn gedegbe. Mo fi pépà téèpù bo gbogbo etí ọ̀dà, mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo gé fóòmù tó tó páálí ìṣáná, mo kán oògùn mẹ́rin sí i, mo fi ṣe ibi tó fẹ̀ tó 30 cm: mo kọ́kọ́ yí i káàkiri, mo wá fà á tààrà lápá kan. Ìṣẹ́jú méjì, mo fi aṣọ mímọ́ nu àṣẹ́kù. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju nípọn lẹ́ẹ̀kan lọ, torí èyí tó nípọn kì í gbẹ dénú, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò á sì fa dúdú sára ọ̀dà. Mílílítà 30 ni ìgò náà, ó sì ṣẹ́ kù.

Pẹ̀lú gbogbo atẹ́gùn tí a fẹ́, omi kan ṣì yọ lábẹ́ iná iwájú, ó ṣàn wálẹ̀ lórí oògùn tútù bí omijé. Ẹ má gbìyànjú láti fi oògùn bò ó. Mo fi spirit nu ojú ibẹ̀ látòkè délẹ̀, mo dúró kó gbẹ, mo tún un kùn. Ọkọ̀ náà ò gbọdọ̀ rí omi fún wákàtí 24.

Ó wá ku rọ́bà etí ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá. EPDM ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oòrùn àti omi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbéṣe, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ni ikú rẹ̀: dísù, karosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, gíríìsì àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn ló ń mú un wú, tó fi ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tí ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Omi ọṣẹ, kó gbẹ, lẹ́yìn náà gíríìsì sílíkóònù ìwọ̀n hóró ẹ̀wà mẹ́ta fún ilẹ̀kùn kan, ẹ fi ìka fà á títí ẹ ò fi ní rí i mọ́. Ó parí. Ẹ ká rọ́bà náà díẹ̀. Tó bá sán níbi tẹ́ ẹ ti ká a, òmíràn lẹ máa rà, kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí sílíkóònù kan wáípà, fèrèsé iwájú á ṣókùnkùn lójò.

Ọṣẹ lásán ni mo fi ń fọ ọkọ̀ náà látìgbà yẹn. Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Bọ́ńpà méjèèjì ṣì dúdú, wọ́n tilẹ̀ dúdú díẹ̀ ju ẹ̀yìn nọ́ńbà lọ. Ike ojú táyà òsì tí mo fi iná nìkan ṣe ti ń hu funfun padà láti òkè, ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bà á, àfi ojú ìdérí kóòkì yẹn tó ṣì ń dán.