Bí Ẹ Ṣe Lè So Kámẹ́rà Mọ́ Igi Nínú Igbó Ọba

Ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti bá wọn ka ẹranko nínú igbó ọba Ìdànrè gbọ́dọ̀ mọ kámẹ́rà tí à ń so mọ́ igi lò. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Àkúrẹ́, kí ẹ sì mú ọdẹ tó mọ igbó náà dání. Òun ló mọ ibi tí ẹtu ń gbà lálẹ́.

Ooru ara ohun tó ń rìn ló ń jí kámẹ́rà yìí láti ya àwòrán. Tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn àti ewé gbígbóná tí afẹ́fẹ́ ń mì á máa jí i, koríko ni ẹ ó sì padà wá bá nínú káàdì tó ń tọ́jú àwòrán. Àríwá tàbí gúúsù ni kó kọjú sí. Ẹ so ó mọ́ igi tó nípọn tó itan àgbàlagbà, ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 sílẹ̀, níbi tó fi bíi mítà 3 jìnnà sí ojú ọ̀nà ẹran. Kó wo gígùn ọ̀nà náà, kó má wo ìbú rẹ̀: ẹran tó bá sáré gba ìbú kọjá, ìrù nìkan ni kámẹ́rà máa bá. Ẹ gé koríko iwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣán ibẹ̀ bí oko, torí ibi tó bá mọ́ jù ń pe olè.

Ẹ má da ògbólógbòó bátìrì pọ̀ mọ́ tuntun. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ tún aago wò. Àwòrán tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà kò wúlò fún kíkà. Ẹ fi ìka nu rọ́bà etí ìdérí yíká: hóró iyanrìn kan tó bá há síbẹ̀, omi òjò á wọlé. Àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, dára láti fi sínú rẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò, kí ẹnì kan rákòrò kọjá níwájú rẹ̀. Ìrìn òró kò tó, nítorí kámẹ́rà tó rí àyà èèyàn lè má rí ẹ̀yìn ẹtu. Ẹ yẹ àwòrán náà wò lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, ẹ lọ kó káàdì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé orúkọ ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ pa lokéṣọ̀n kámẹ́rà fóònù yín náà, ìyẹn ohun tó ń kọ ibi tí ẹ wà sínú àwòrán, torí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì lórí WhatsApp ṣì ń gbé e dání, ọdẹ aláìgbàṣẹ sì lè fi tọ ẹran náà lọ.