Ìrírí Mi ní Zermatt: Ibi Tí Mo Dúró Sí àti Aago Tí Mo Fi Ya Òkè Matterhorn

Tí ẹ bá ti ra ṣokoléètì Toblerone rí láyé àtijọ́, ẹ ti rí Matterhorn. Òkè ṣóńṣó yẹn ló wà lójú páálí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ilé iṣẹ́ náà fi kéde lọ́dún 2023 pé àwọn máa yọ ọ́. Wọ́n fẹ́ gbé díẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn lọ sí Slovakia, òfin Switzerland ò sì gbà kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa fi àmì orílẹ̀-èdè náà polówó tí kì í bá ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Òkè ọ̀hún ga tó mítà 4,478. Orí ààlà Switzerland àti Ítálì ló dúró lé, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ Zermatt. Ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi obìnrin gbé kámẹ́rà lọ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án.

Fọ́tò òkè yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé gbogbo ibi tó yẹ kéèyàn dúró sí ló ti di mímọ̀. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀ mọ́. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni aago. Ibi kan náà tó máa fún yín ní fọ́tò tó ń mú orí wú láàárọ̀ kùtù, ibẹ̀ náà ló máa fún yín ní òkè tí kò ní ojú kò ní imú tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ìdí rẹ̀ ò le. Tí èèyàn bá wà nínú ìlú, ojú òkè tó kọ sí ìlà-oòrùn àti èyí tó kọ sí àríwá la máa ń rí. Tí oòrùn bá ń yọ, ẹ̀yìn ẹni tó ń ya fọ́tò ló ti ń bọ̀, ojú òkè ló sì ń tàn sí tààrà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn òkè, gbogbo ojú tó kọ sí wa á sì dúdú bíi kóró iṣin. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń fẹ́ jáde. Wọ́n ti jẹun, ara ti tù wọ́n, fóònù wà lọ́wọ́. Nítorí náà mo pín ọjọ́ wa sí mẹ́ta: ìdájí fún òkè, ọ̀sán fún wíwá ibi tí a máa dúró sí lọ́jọ́ kejì, alẹ́ fún inú ìlú. Àbúrò mi, tó fẹ́ràn oorun ju òkè èyíkéyìí lọ, bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò ta káàdì tí wọ́n ya fọ́tò yìí sí ni?” Wọ́n ń tà á. A ṣì jí náà.

Ọkọ̀ tó ń lo epo kì í wọ Zermatt. Táṣì àti bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń lo iná mànàmáná ló ń rìn láàárín ìlú. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá á gbé e sílẹ̀ ní Täsch, á wá wọ réluwé bí ìṣẹ́jú méjìlá. Ohun tí mo kó dání ò pọ̀: kámẹ́rà kan, lẹ́ǹsì tó ń gba ibi tó fẹ̀, lẹ́ǹsì gígùn kan tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé, àti bátìrì tó pọ̀ ju èyí tí mo rò pé mo máa lò lọ. Òtútù ìdájí máa ń fa agbára bátìrì tán kíákíá. Àpò inú ẹ̀wù, níbi tí ara ti gbóná, ni mo kó wọn sí. Dúróònù ò tilẹ̀ sí nínú ẹrù mi. Hẹlikọ́pítà tó ń gbé àwọn tó fara pa lórí òkè ń gbéra láti inú ìlú yẹn gan-an, ojú ọ̀run ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi nǹkan kékeré ṣeré sí.

Ibi tó rọrùn jù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Kirchbrücke, afárá tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú. Odò Matter Vispa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ilé onípákó wà lọ́tùn-ún lósì, òkè wá dúró gbangba lókè pátápátá. Nígbà tí a débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti tò síbẹ̀. Lẹ́ǹsì tó ń gba ibi tó fẹ̀ ò dára níbí o, torí ńṣe ló máa ń sọ òkè di kékeré tí ilé á sì gba gbogbo fọ́tò. Mo fi lẹ́ǹsì gígùn sí i, mo sún sẹ́yìn, òkè wá kún ojú. Bí oòrùn bá ti kan ṣóńṣó orí rẹ̀, pupa ló máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ó di bí àwọ̀ ọsàn, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára àpáta. Pupa yẹn kì í pẹ́. Ẹni tó bá ń wá bọ́tìnnì lára kámẹ́rà nígbà yẹn ti pàdánù rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Gornergrat ló gbé wa lọ síbi kejì. Ọdún 1898 ni wọ́n ti ṣí i, iná mànàmáná ló sì ti ń lò láti ìgbà náà. Irin eléyín tó wà láàárín ojú ọ̀nà ló ń dì mú tó fi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè dé ibi tó ga tó mítà 3,089. Ẹ jókòó sí apá ọ̀tún tí ẹ bá ń gòkè, apá ibẹ̀ ni òkè wà. Owó rẹ̀ ò kéré. Àlọ àtàbọ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún francs lọ nígbà ooru, àmọ́ ẹni tó bá ní káàdì tí wọ́n ń pè ní Half Fare á san ìdajì. Lórí Gornergrat, àwọn òkè tó ju mítà 4,000 lọ ló yí èèyàn ká. Dufourspitze wà lára wọn, òun ló ga jù ní gbogbo Switzerland, mítà 4,634. Yìnyín Gorner sì tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀. Ó rẹwà láti wò. Ní ti fọ́tò, ká má purọ́, ó ti pọ̀ jù: gbogbo nǹkan tóbi, gbogbo nǹkan funfun, ojú ò mọ ibi tí ì bá dúró sí. Tí ẹ bá máa yà á, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un ju bí kámẹ́rà ṣe fẹ́ lọ, torí yìnyín máa ń tàn án jẹ. Á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ yìnyín di àwọ̀ eérú.

Ní tèmi, ibùdókọ̀ kan kí ẹ tó dé òkè pátápátá, Rotenboden, ló yẹ kí ẹ ti sọ̀. Ẹ ò ní rìn pẹ́ sísàlẹ̀ kí ẹ tó dé Riffelsee, adágún kékeré tí orí òkè máa ń hàn nínú rẹ̀ lódìkejì. Láàárọ̀ ni o. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ á gbéra, omi á hunjọ, òkè inú omi á fọ́ yángá. Ọkọ̀ tí a bá lọ gbé èrò púpọ̀, gbogbo wọn ló sì rọ́ lọ sétí omi àkọ́kọ́. Ẹ máa bá tiyín lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, adágún kejì tó kéré jù ú lọ wà níbẹ̀. Omi tó bá kéré kì í tètè rú, èèyàn ò sì pọ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ Stellisee lọ̀gá gbogbo wọn lójú mi. Ó ga tó mítà 2,537, ibùdó ọkọ̀ òkè tí wọ́n ń pè ní Blauherd ni wọ́n máa ń gbà rìn débẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà ooru, oòrùn á ti yọ tán kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀, àyàfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá dìídì ṣètò ọkọ̀ ìdájí. Ẹni tó bá fẹ́ bá oòrùn níbẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lóru láti ìlú, tàbí kó sùn sórí òkè. A sùn. Ilé àlejò kan wà tí wọ́n ń pè ní Fluhalp, kò jìnnà sí adágún náà, a sì ti gba yàrá sílẹ̀ ṣáájú kí a tó kúrò nílé.

Òkùnkùn ṣì ṣú nígbà tí a dé etí omi náà, iná orí wa nìkan ló ń tàn. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i pé iná mìíràn wà. Lọ́ọ̀ọ́kán, lára òkè fúnra rẹ̀, àwọn iná tíntìntín tò tẹ̀ léra, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń gun Matterhorn nìyẹn. Hörnlihütte, ilé tó wà ní mítà 3,260, ni wọ́n ti máa ń gbéra lóru kí wọ́n lè dé orí òkè kí wọ́n sì sọ̀ kí ojú ọjọ́ tó bàjẹ́. Mo gbé lẹ́ǹsì gígùn lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo jẹ́ kí kámẹ́rà lajú fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Fọ́tò yẹn wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ rárá.

Nígbà tí ọ̀yẹ̀ là, mo pààrọ̀ lẹ́ǹsì, mo sì sọ kámẹ́rà kalẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Èyí ṣe pàtàkì. Tí ẹ bá dúró lóòró, etí omi tó wà níwájú yín, pẹ̀lú òkúta abẹ́ rẹ̀, ló máa gba apá ìsàlẹ̀ fọ́tò. Tí ẹ bá dọ̀bálẹ̀, omi á di dígí, òkè á sì hàn lókè àti nísàlẹ̀. Èèyàn á kan rí ọmọ Yorùbá kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú òkè, bí ẹni tó ń kí kábíyèsí. Mo yọ dígí tó máa ń pa ìtànṣán omi kúrò lẹ́nu lẹ́ǹsì, torí tí wọ́n bá yí i síbi tí kò yẹ, ohun tí a wá yà nínú omi gan-an ló máa pa rẹ́. Orí òkè ti ń mọ́lẹ̀ yòò nígbà yẹn, ilẹ̀ ṣì dúdú, kámẹ́rà ò lè rí méjèèjì pọ̀. Mo ya ọ̀kan fún òkè, mo ya ọ̀kan fún ilẹ̀, mo wá pa wọ́n pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí mo délé. Lẹ́yìn náà ẹnì kan wá wẹ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi. Gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ wò ó.

Láti Stellisee, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní 5-Seenweg, ọ̀nà adágún márùn-ún, ni a gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má retí òkè nínú omi márààrún. Mẹ́ta ló ń fi í hàn: Stellisee, Grindjisee àti Leisee. Grünsee dára fún ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Moosjisee ní àwọ̀ búlúù tó funfun bí ẹni bu wàrà sí i, ìyẹ̀fun àpáta tí yìnyín lọ̀ ló fà á. Grindjisee ni kí ẹ ti sinmi, torí igi larch wà yí i ká, igi náà sì máa ń di àwọ̀ wúrà nínú oṣù kẹwàá kí ewé rẹ̀ tó rẹ̀ dànù. Ká ní mo ní agbára ni, oṣù kẹwàá ni ǹ bá padà lọ. Tí ẹ bá gba Findeln kọjá, abúlé onílé pákó dúdú, ẹ fi òrùlé àwọn ilé náà sí iwájú òkè. Fọ́tò tó ní ilé nínú ló máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ bí òkè ṣe tóbi tó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ lọ sí Schwarzsee nítorí ilé ìjọsìn kékeré tó wà létí omi ibẹ̀. Ilé ìjọsìn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Matterhorn lẹ wà níbẹ̀, ó ti sún mọ́ yín jù, ìrísí ṣóńṣó tí gbogbo ayé mọ̀ ti pa dà. Èmi lọ sọ́hùn-ún láti rìn, kì í ṣe láti ya fọ́tò.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Òkè yìí ní ìkùukùu tirẹ̀: ojú ọ̀run lè mọ́ kedere káàkiri, kí ìkùukùu kan so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kó nà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ ló ń kọlu òkè, tí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gòkè, á tutù, omi inú rẹ̀ á sì di ìkùukùu. Kámẹ́rà tó ń fi òkè hàn ní tààràtà wà lórí ìkànnì àwọn ọlọ́kọ̀ òkè. Orí ibùsùn ni mo ti máa ń wò ó. Tí kò bá dára, mo sùn padà, inú àbúrò mi á sì dùn.

Alẹ́ ni ti inú ìlú. Hinterdorf ni apá àtijọ́, àwọn ilé àti àká rẹ̀ ti wà láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún sí ìkejìdínlógún. Igi larch tí oòrùn ti sọ dúdú ni wọ́n fi kọ́ wọn. Òpó kúkúrú ló gbé àwọn àká náà dúró, òkúta pẹlẹbẹ roboto sì wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan kí eku má baà gòkè lọ jẹ ọkà. Ẹ sún mọ́ òkúta yẹn, ẹ yà á. Lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì búlúù tí iná ojú ọ̀nà sì ti tàn, òjò díẹ̀ pàápàá á ṣe yín lóore torí ilẹ̀ á máa dán. Mo gba itẹ́ òkú àwọn agunkè kọjá nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn méje ló kọ́kọ́ dé orí Matterhorn ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1865, mẹ́rin nínú wọn ló kú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kámẹ́rà ò kúrò nínú àpò mi níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré, kó sùn ní Zermatt mọ́jú, kó wà lórí Kirchbrücke kí ilẹ̀ tó mọ́, kó wọ ọkọ̀ Gornergrat tó bá kọ́kọ́ gbéra lẹ́yìn náà, kó sọ̀ ní Rotenboden. Tó bá ti parí ní Riffelsee, kó fẹsẹ̀ rìn sọ̀ dé Riffelberg kó tó wọ ọkọ̀ padà, torí òkè á wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀nà yẹn. Ohun tó bá yà lẹ́yìn ọ̀sán, kó máa fi ránṣẹ́ sí màmá rẹ̀.